Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Asìnja: Ọmọ Àdàpọ̀ Kì í Ṣe Ìyá Ẹja

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹni tó ní adágún ẹja, àti ẹni tó fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti gbẹ́ ọ̀kan.

Ẹja tí a ń pè ní Heteroclarias kì í ṣe ẹ̀yà kan lọ́tọ̀. Àtọ̀ Heterobranchus, ẹja tó jọ àrọ̀ ṣùgbọ́n tó ní lẹbẹ ọlọ́ràá lẹ́bàá ìrù, ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ẹyin àrọ̀. Nínú ara gbogbo ohun alààyè ni àwọn okùn tín-ín-rín tó ń gbé ìran wà; krómósómù ni orúkọ wọn. Àrọ̀ ní 56, Heterobranchus longifilis ní 52. Ọmọ gba 28 lọ́wọ́ ìyá, 26 lọ́wọ́ baba, ó di 54. Ó ń yè, ó sì ń tètè tóbi.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí ìbaaka ló rí, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kì í bímọ. Ẹ má fi ọkàn tán an bẹ́ẹ̀. Ní Táílàńdì, wọ́n po àrọ̀ tó wá láti Áfíríkà mọ́ àrọ̀ ìbílẹ̀ wọn. Ní 2004 àwọn onímọ̀ kéde pé ìran ẹja Áfíríkà ti wọ ara ẹja ìbílẹ̀ inú odò. Bí òjò bá kún adágún tiwa náà ńkọ́?

Ọ̀nà kan wà láti sọ ọmọ ẹja di àgàn. Nígbà tí àtọ̀ bá wọ ẹyin, ẹyin a fẹ́ ju ìpín krómósómù kan ti ìyá nù. Òtútù lè dá a dúró. Ní 1987, àwọn onímọ̀ ní Nẹ́dálándì kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe fi ẹyin àrọ̀ sínú omi tútù láti ṣe èyí. Omi náà tutù tó ìwọ̀n Sẹ́ńtígréèdì 5. Ìpín méjì ti ìyá, ọ̀kan ti baba: 28, 28 àti 26, ó di 82. Ìpín mẹ́ta kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba, nítorí náà ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ kì í fi í lè bímọ. Àǹfààní mìíràn tún wà. Ní Amẹ́ríkà ní 1983, wọ́n fi hàn pé àwọn ọmọ àdàpọ̀ ẹja tírọ́ọ̀tì kan tó sábà ń kú ń yè sí i bí ìpín ìyá bá di méjì.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ra yìnyín lọ́la. Bí iná bá lọ tàbí tí omi bá gbóná díẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tó yí padà. Ẹ̀rọ amóhun-kékeré-tóbi ni a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé kí a ta Heteroclarias tàbí kí a jẹ ẹ́, kí a má fi ṣe ìyá ẹja. Kí a fi àwọ̀n sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde kúrò nínú adágún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra ọmọ ẹja, ẹ bi ẹni tó ń tà á: irú ẹja wo ni ìyá rẹ̀, irú wo sì ni baba?