Owó Oṣù Akọ̀wé Kọ́ọ̀tù àti ti Ìjọba Ìbílẹ̀: Ohun tí Kàdúná Kọ́ Wa

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí sọ pé òun ti kọ̀wé béèrè iṣẹ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ẹ̀rín ni gbogbo wa bú sí. Ẹnì kan béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń san?" Ẹlòmíràn sì dá a lóhùn pé, "Ta ló ń wo owó oṣù ní kọ́ọ̀tù? Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹun!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, iṣẹ́ akọ̀wé sì wà lára ohun tó gbé àwọn Yorùbá dé ìlú náà. (Bí Yorùbá mi bá ń kọsẹ̀ níbì kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fojú fò ó. Mo ti mọ "magatakarda" kí n tó mọ "akọ̀wé".)

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ló ń gba ìwé ẹ̀sùn wọlé, òun ló ń kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀, òun ló sì ń tọ́jú fáìlì. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ń já rìsíìtì owó ọjà, ó ń kọ ìwé ìgbéyàwó, ó sì ń ṣètò ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú. Bí fáìlì bá sọnù, ẹjọ́ dúró nìyẹn. Agbára ńlá ló wà lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá owó oṣù sílẹ̀ fún irú wọn. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Hausa, ohun tí ẹjọ́ bá mú wá wà lára ohun tí àwọn ará kọ́ọ̀tù ń jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣètò ilé ìṣúra ìbílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Beit-el-Mal, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó pàtó fún emir, fún alkali àti fún àwọn tó ń kọ̀wé lábẹ́ wọn. Ọgbà tí wọ́n fi yí ẹjọ́ ká ni owó oṣù jẹ́. Ẹ wò ó, ẹ̀rín tí a rín ní ìpàdé ń dá wa padà sí ìgbà tí ọgbà náà kò tíì sí.

Nígbà tó fi máa di 1917, olú-ìlú Àríwá ti kúrò ní Zungeru wá sí Kàdúná, ojú irin sì ti dé ibẹ̀. Ìjọba ń wá ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ. Níbo ni wọn yóò ti rí i? CMS ti dá ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó láti 1859, bẹ́ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina kò bẹ̀rẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Nítorí náà ni àwọn ará Èkó, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ṣe wà lára àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ìjọba ní Àríwá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti yí padà nìyí. Ní òpin àwọn ọdún 1950, bí òmìnira ti ń súnmọ́lé, ìjọba Ẹkùn Àríwá lábẹ́ Sardauna, Alhaji Ahmadu Bello, pinnu pé ọmọ Àríwá ni yóò kọ́kọ́ gba iṣẹ́. Bí kò bá sí, wọ́n lè mú òyìnbó, tàbí ọmọ Gúúsù, ṣùgbọ́n lórí àdéhùn ọlọ́dún díẹ̀ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbínú ka èyí. Àwọn ará Àríwá ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ, ará Gúúsù ni yóò máa jókòó sí gbogbo ọ́fíìsì wọn, ìbẹ̀rù náà sì nídìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdéhùn ń ṣe sí owó. Akọ̀wé méjì lè jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ẹni tó wà lórí iṣẹ́ títí lọ ní owó ìfẹ̀yìntì níwájú, ẹni tó wà lórí àdéhùn kò ní. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé Yorùbá Ìlọrin àti ti Kàbbà, ọmọ Àríwá ni wọ́n kà wọ́n sí, nítorí abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni ilẹ̀ wọn wà títí wọ́n fi pín ẹkùn náà ní 1967. Ọmọ Ìlọrin lè gba iṣẹ́ títí lọ, kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí i rárá, máa tún àdéhùn ṣe. Ààlà tí òyìnbó fà ló pín wọn.

Ní ti iye owó, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Udoji ní 1974 ló to iṣẹ́ ìjọba sí ìpele 1 dé 17. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù jẹ́ 125 náírà ní 1981, 18,000 ní 2011, 30,000 ní 2019, 70,000 ní 2024. Ìpínlẹ̀ Kàdúná tilẹ̀ fi tirẹ̀ sí 72,000. Akọ̀wé tó ní ìwé ẹ̀rí girama kì í bẹ̀rẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́, nítorí náà tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé owó ń gòkè, àbí? Ní 1981, náírà lágbára ju dọ́là lọ, 125 náírà sì tó bí 200 dọ́là. Ní 2024, 70,000 náírà kò tó 50 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ akọ̀wé ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Nínú Kọ́ọ̀tù Gíga ìpínlẹ̀, Àbújá ni owó adájọ́ ti ń wá, láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ NJC. Owó akọ̀wé tó jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Ìwé òfin 1999, ní abala 121, sọ pé kí wọ́n máa fi owó kọ́ọ̀tù lé àwọn olórí kọ́ọ̀tù lọ́wọ́ tààrà. JUSUN, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, gba ìdájọ́ lórí rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2014, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ gómìnà kò tẹ̀lé e. Ti ìjọba ìbílẹ̀ kò yàtọ̀: abala 162 da owó wọn pọ̀ sínú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú.

Èyí ló fà á tí ọdún 2021 fi le ní Kàdúná. Ní 6 Oṣù Kẹrin, JUSUN ti kọ́ọ̀tù pa jákèjádò Nàìjíríà. Nígbà tó di 17 Oṣù Karùn-ún, NLC tún bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní Kàdúná, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù àti ti ìjọba ìbílẹ̀ wá wà níta lẹ́ẹ̀kan náà. Iná lọ, ọkọ̀ ojú irin dúró. Gómìnà El-Rufai kéde pé òun ń wá Ayuba Wabba, ààrẹ NLC. Ní 19 oṣù náà ni wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì ọ̀hún dúró. Ìjọba ní owó oṣù ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó tó ń ti Àbújá wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni Kàdúná yìí kan náà ló kọ́kọ́ san 30,000 ní Oṣù Kẹsàn-án 2019! Owó pọ̀ sí i, èèyàn sì dínkù. Kọ́ọ̀tù kò ṣí títí di Oṣù Kẹfà. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé tó ń retí béèlì, kò sí akọ̀wé tí yóò gba ìwé rẹ̀ wọlé.

Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà.

Mo padà lọ bá arákùnrin wa tó fẹ́ ṣe akọ̀wé. Mo tọrọ gáfárà fún ẹ̀rín tí mo rín. Mo sì ní bí wọ́n bá pè é fún ìbéèrè ẹnu, kí ó má ṣe béèrè iye nìkan. Kí ó béèrè bóyá iṣẹ́ títí lọ ni tàbí àdéhùn. Kí ó béèrè bóyá wọ́n ń fi ìdá 10 tiwọn kún ìdá 8 tirẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì, bí òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2014 ṣe wí, àti bóyá owó náà ń dé ibi tó yẹ kó dé. Ó ní òun ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà ni kò tíì rí gbà.