Bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe ìkòkò

Arábìnrin kan kọ̀wé sí wa láti Peckham ní London. Wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rin West Highland Way ní Scotland lóṣù Karùn-ún, máìlì 96 láti Milngavie dé Fort William, pẹ̀lú àgọ́ àti oúnjẹ nínú báàgì ẹ̀yìn. Owó ọwọ́ wọn kò lè ra gbogbo nǹkan. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní kí wọ́n ra búùtù aláwọ tó nípọn, kí wọ́n fi ìyókù ra ìkòkò titanium torí pé ó fúyẹ́. Arábìnrin náà wá ní ṣé kí àwọn gbọ́ tàwọn ọ̀rẹ́ yìí?

Arábìnrin mi, ìmọ̀ràn yẹn doríkodò. Ibi tó yẹ kí ẹ ti dín ẹrù kù ni wọ́n ní kí ẹ fi kún un. Ibi tí ọ̀rọ̀ kò ju gíráàmù díẹ̀ lọ ni wọ́n ní kí ẹ lọ náwó sí. Láti 1969 ni àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún ológun Amẹ́ríkà ti wọn agbára tí ara ń lò bí ènìyàn bá gbé ẹrù sí oríṣiríṣi ibi lára. Wọ́n rí i pé ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ ń gba agbára tó ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà ohun tí ẹrù kan náà máa gbà tó bá wà ní àgọ́ ara. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Báàgì ń bá yín lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ lẹ ní láti gbé bàtà kúrò nílẹ̀, kí ẹ jù ú síwájú, kí ẹ sì tún dá a dúró. Ẹsẹ̀ búùtù aláwọ kan lè tó 700 gíráàmù. Kánfáàsì tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà olókùúta sábà máa ń wà ní nǹkan bí 300. Tí a bá ka máìlì kan sí ìṣísẹ̀ 2,000, ẹsẹ̀ yín kọ̀ọ̀kan máa gbé ìyàtọ̀ yẹn sókè ní nǹkan bí ìgbà 96,000 kí ẹ tó rí Fort William.

Wọ́n á ní búùtù tó ga ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ́. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ̀rí kò gbè é tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 1993 fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tó lé ní 600 tó ń ṣeré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wé ara wọn, àwọn kan wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àwọn kan wọ èyí tí kò bò ó. Kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú iye àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ́. Pápá ìṣeré kì í ṣe orí òkè, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Emma Gatewood, ìyá àgbà ẹni ọdún 67 tó dá rin ọ̀nà Appalachian Trail ní Amẹ́ríkà já ní 1955, ó lé ní 2,000 máìlì. Kánfáàsì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká. Kánfáàsì náà ń gbó, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà. Lóòótọ́ bàtà fífúyẹ́ kì í pẹ́ tó aláwọ, àmọ́ tuntun ò lè gbó láàárín máìlì 96.

Ti òjò ló le jù, torí òjò kì í jìnnà sí apá Scotland yẹn. Búùtù tí omi kì í gbà wọlé máa dáàbò bò yín fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ tí omi bá ti gba ẹnu rẹ̀ wọ inú, ohun tí kò jẹ́ kó wọlé náà ni kò ní jẹ́ kó jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì nínú àgọ́, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ á ti rin kí ẹ tó so okùn bàtà tán, ibẹ̀ sì ni gìgísẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Kánfáàsì aláṣọ máa tètè rin, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń rìn ni omi á máa fún jáde. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn mẹ́ta, kí ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún oorun. Tó bá jẹ́ àsìkò yìnyín lẹ ń lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ yín ti rọ́ rí tí kò tíì san tán, búùtù ni mo máa ní kí ẹ wọ̀.

Ìkòkò ńkọ́? Titanium tó gba omi 750 mílílítà máa wọn nǹkan bí 100 gíráàmù; alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà lè fi 30 sí 50 jù ú lọ. Ìyẹn kò tó ẹyin adìyẹ kan, ẹ̀yìn lẹ sì máa gbé e sí. Bẹ́ẹ̀ alumíníọ̀mù ń tan ooru káàkiri ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ju titanium. Ẹ da ìrẹsì sínú titanium lórí sítóòfù gáàsì kékeré, kìkì ibi tí iná ti bà á ni á jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ti etí kò sì ní jinná. Oúnjẹ yín ni kó yan ìkòkò. Tó bá jẹ́ ẹ̀bà pẹ̀lú ata díndín láti ilé, omi gbígbóná nìkan lẹ nílò, ìkòkò èyíkéyìí á ṣe é. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, ẹ ra alumíníọ̀mù. Àmàlà kò ṣe é rò níbẹ̀, torí ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ wáyà kò lè gba ọmọorogùn. Ẹ má gbàgbé ìdérí, torí àìdé ìkòkò ń fi gáàsì ṣòfò, gáàsì sì wúwo: agolo tó gba 100 gíráàmù péré ń wọn nǹkan bí 200 lódindi.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lẹ máa wọ̀, ẹ má gbé gáàsì dání rárá, wọn kò gbà á nínú báàgì kankan. Glasgow ni kí ẹ ti rà á kí ẹ tó wọ rélùwéè lọ Milngavie. Ọ̀sán ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi rìn. Ẹ fi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tí ọmọ ìka bá ń gbá iwájú bàtà, ẹ gba èyí tó fi ìdajì nọ́ńbà tóbi jù ú lọ.