2147483647: Nọ́ńbà Tí Kò Ṣeé Pín

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Tí a bá ní dàbínù 12, a lè pín in lọ́gbọọgba fún ènìyàn 2, 3, 4 tàbí 6. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ 13, àfi kí ẹnì kan kó gbogbo rẹ̀, tàbí kí ènìyàn 13 mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Irú nọ́ńbà báyìí ni a ń pè ní awwalī ní èdè Lárúbáwá.

Nígbà kan, a sọ ní kíláàsì pé awwalī ni 91. Ọmọ kékeré kan nawọ́, ó ní: “Álífà, 7 lọ́nà 13 ni.” Òótọ́ ni ó sọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì pa ohun tí a kọ sójú pátákó rẹ́.

Àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ń ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó dín méjì, ìyẹn ìgbà 31, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, kí ẹ sì yọ 1 kúrò. 2147483647 ni ẹ ó rí. Ní ọdún 1644, Marin Mersenne, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ pé awwalī ni. Ó sọ bákan náà nípa èyí tí a kọ 2 rẹ̀ ní ìgbà 67. Ti àkọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Ti ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1903, Frank Nelson Cole ní Amẹ́ríkà fi hàn pé 193707721 lọ́nà 761838257287 ni.

Ta ni ó wá fi ẹ̀rí ti àkọ́kọ́ múlẹ̀? Leonhard Euler ni, ní 1772, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kò fi gbogbo nọ́ńbà dán an wò. Lọ́nà kìíní, tí nọ́ńbà kan bá ṣeé pín, ọ̀kan nínú ohun tí ó pín in yóò kéré. Fún nọ́ńbà yìí, kò lè kọjá 46340. Lọ́nà kejì, ó fi hàn pé awwalī tí yóò bá pín in, tí a bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ni yóò ṣẹ́kù. Àwọn díẹ̀ yìí nìkan ni ó dán wò. Kò sí ọ̀kan tí ó pín in.

Ní 2024, kọ̀ǹpútà rí irú rẹ̀ tí a kọ 2 rẹ̀ ní ìgbà 136279841. Bí a bá kọ ọ́ jáde, ó ní òǹkà 41024320. Síbẹ̀, ẹ̀rí ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣírò ohun tí ó bá kọ sójú pátákó. Iṣẹ́ yín rèé: ṣé awwalī ni 97? Ẹ fi 2, 3, 5 àti 7 dán an wò. Kí ni ìdí tí a kò fi ní kí ẹ kọjá 7?