KÁNÚRÌ SÍSỌ ÀTI KÁNÚRÌ TÍTẸ̀ NÍ MÀÍDÚGÙRÌ

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti Ìbàdàn, Ìlọrin, Òǹdó tàbí Èkó wá sí Yunifásítì Màídúgùrì ni ó gbà pé bí ènìyàn bá ti lè fi Haúsá ná tòmátì, ó ti gbọ́ èdè ìlú tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Haúsá ni a ń gbọ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n Kánúrì ni èdè inú ilé ọ̀pọ̀ onílé níhìn-ín. Láàárín ara wọn, Yerwa ni wọ́n ń pe ìlú yìí, láti ìgbà tí Ṣéhù ti kó ààfin rẹ̀ kúrò ní Kukawa wá síbí ní ọdún 1907.

Àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ká lára. Ìyá àgbà tí ogun lé kúrò ní abúlé rẹ̀ wá sí ìlú lè má gbọ́ Haúsá rárá. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ń dùn ún, ó wò yín lójú, kò fèsì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ ni yóò wá di ògbufọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ìyá àgbà kò ní fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Nítorí èyí ni àwa mẹ́fà ṣe pinnu pé a óò kọ́ Kánúrì.

Hájíyà kan tí ń ta àkàrà ní Gwange ni ó gbà láti máa bá wa sọ̀rọ̀. Kò gba kọ́bọ̀. Ohun tí ó béèrè ni pé kí àwa náà kọ́ òun ní Yorùbá, nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń tajà ní Mile 12 ní Èkó, ó sì ti fẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó fẹ́ lè kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pín wákàtí kan sí méjì: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún Kánúrì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún Yorùbá. Ẹni tí ó bá bú sí Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì yóò fọ àwo. A fọ àwo púpọ̀.

Nígbà tí àwo kò sí láti fọ̀, ìwé ni a ń kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Hájíyà bá sọ, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, a ó sì fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ tíṣà lè bá wa tún un ṣe. Nígbà tí a bá padà sí yàrá, ọ̀kan nínú wa a tẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni a ti ṣìṣe. Kánúrì ní lẹ́tà méjì tí kò sí lójú bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà wa, ǝ àti ɍ. Ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ kàn fi e rọ́pò ti àkọ́kọ́, ó fi r lásán rọ́pò ìkejì. Kǝla, tí í ṣe orí, di kela. Fǝr, tí í ṣe ẹṣin, di fer. Kò sí ẹni tí ó bínú. Ṣebí ìwé gidi wà ní Gwange.

Ní ọjọ́ 10 oṣù September, ọdún 2024, ìsédò Alau ya, omi sì gba Màídúgùrì. Ẹ rántí ọjọ́ náà, ọjọ́ tí ọ̀nì ń rìn ká ìgboro láti inú ọgbà ẹranko. Gwange wà lára ibi tí omi ti ṣọṣẹ́. Ọlọ́run yọ Hájíyà àti àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé wa di ẹrẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa ni ojú ewé mọ́kànlélógún inú kọ̀ǹpútà, tí a kò lè mọ e tí ó jẹ́ e àti e tí ó yẹ kí ó jẹ́ ǝ. Àwa tí a máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá kọ "ọkọ" láìsí àmì, tí a ó béèrè bóyá ọkọ ìyàwó ni àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àwa náà ni a ṣe irú èyí sí èdè ẹlòmíràn.

Nítorí náà, kí á tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí á kọ́ bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Nínú Microsoft Word, ẹ tẹ 01DD, ẹ di Alt mú, ẹ tẹ X. Òǹkà náà yóò yí padà di ǝ. Bí ẹ bá fẹ́ ɍ, 024D ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi ọ̀rọ̀ bíi fǝr. Bí f bá ti wà níwájú 01DD, kọ̀ǹpútà lè rò pé f jẹ́ ara òǹkà, yóò sì gbé àpótí ṣófo jáde. Ẹ fa àwọ̀ bo 01DD nìkan kí ẹ tó tẹ Alt àti X. Ẹni tí èyí bá sú lè lọ sí Insert, kí ó yan Symbol, kí ó sì fi Shortcut Key yan bọ́tìnnì tirẹ̀ fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwa ṣe nìyẹn.

Ẹ̀tàn kan tún wà. Lẹ́tà mẹ́ta ni ó jọ ara wọn bí ìbejì tí ó lé ọ̀kan: 01DD, 0259 àti 04D9. Ìkẹta kò tilẹ̀ sí lára lẹ́tà tiwa. Ó wà lára lẹ́tà irú ti àwọn ará Rọ́ṣíà, tí àwọn ará Kazakhstan ń lò. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀, tí ẹ sì fi òmíràn wá a, kọ̀ǹpútà lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà ńlá 01DD ni Ǝ, lẹ́tà ńlá 0259 sì ni Ə. Èyí àkọ́kọ́ ni ó wà nínú lẹ́tà 33 tí a ṣètò fún àwọn èdè Nàìjíríà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Òun ni kí gbogbo wa máa lò, kí iṣẹ́ wa lè bá ara wọn mu.

Àkọtọ́ Kánúrì tí à ń sọ yìí, ní ọdún 1975 ni ìgbìmọ̀ èdè wọn fi ọwọ́ sí i ní Màídúgùrì níhìn-ín, ọdún kan náà tí a dá yunifásítì wa sílẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé kọ tẹ́lẹ̀ o. Àwọn àlùfáà Borno ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè wọn tipẹ́tipẹ́. Àkọtọ́ 1975 kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà nínú èdè náà. Etí Yorùbá ń gbọ́ ọ kíákíá, a sì ń fi àmì tiwa sí i fún ìrántí. Ohun tí ó ṣòro fún wa ni pé ẹ̀yìn gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ìṣe ń wà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé "Adé iṣu jẹ."

Ẹ má sì rò pé àwa ni Yorùbá àti Kánúrì àkọ́kọ́ tí yóò pàdé lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ọmọ Borno kan wà tí ń jẹ́ Ali Eisami. Wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n tà á dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì gbé láàárín àwọn baba wa fún ọdún díẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn Àfọ̀njá bẹ́ sílẹ̀, olówó rẹ̀ tà á sí etíkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown ní ọdún 1818. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Koelle, ọmọ Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí jókòó tì í, tí ó ń béèrè, tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ẹnu rẹ̀ ni gírámà Kánúrì tí Koelle tẹ̀ jáde ní ọdún 1854 ti wá, àti ìwé àlọ́ òun òwe tí ó tẹ̀lé e lọ́dún kan náà. Koelle kò dé Borno rí nígbà náà. Ẹnìkan tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan tí ó fẹ́ gbọ́, ohun tí wọ́n ní kò ju ìyẹn lọ.

Hájíyà ti padà sí ìdí àkàrà rẹ̀. A gbé ojú ewé mọ́kànlélógún náà lọ bá a, a ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún un, ó ń tún un pè, a sì ń tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń fi wá rẹ́rìn-ín, ó ní àwa ni a kọ́kọ́ sọ pé ìwé kì í gbàgbé. Òun náà ti ń kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní "ẹ káàárọ̀" bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọwọ́ alẹ́ ni ó máa ń pè é. A ti dé ojú ewé kẹsàn-án. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, a máa ń gbéra láti iwájú gbọ̀ngán oúnjẹ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Kí ó mú ìwé àti bírò dání, kí ó sì mọ àwo fọ̀.