Nọ́ńbà Oko Ṣáájú Kànga

Láti 1970 ni Ọ̀yọ́túnjí ti wà ní Sheldon, ní South Carolina, ẹni tó bá sì ń gbin ewé lágbègbè yẹn mọ̀ pé òtútù kì í dá òdúndún àti ewúro sí. Ilé ọ̀rá tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní high tunnel lè jẹ́ kí ewé pẹ́ sí i lóko, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré. Ìjọba máa ń bá àgbẹ̀ san lára rẹ̀ lábẹ́ ètò EQIP, èyí tí òfin oko 1996 dá sílẹ̀.

Ẹ béèrè USDA Service Center tó ń bójú tó káńtì yín. Farm Service Agency ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n fún oko yín ní nọ́ńbà. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání, tàbí ìwé àdéhùn ẹni tó yá yín nílẹ̀. Ẹ má sọ pé oko yín kéré jù. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ ogún tí bàbá-ńlá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, irú èyí tó pọ̀ létíkun níbẹ̀, kó má fòyà: òfin oko 2018 gbà kó fi ìwé mìíràn rọ́pò ìwé ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá Natural Resources Conservation Service. Wọ́n á wá wo ibi tí àgbàrá ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n á bá yín kọ ètò oko sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o. Ẹ má ṣe gbẹ́ kànga, ẹ má ṣe ri òpó kankan mọ́lẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Iṣẹ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, EQIP kì í sábà san owó rẹ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni owó sì máa ń wọlé, àmọ́ ẹni tí kò tíì lò ju ọdún 10 lọ nídìí iṣẹ́ oko lè béèrè pé kí wọ́n san, ó kéré tán, ìdajì ṣáájú.

Bí wọ́n bá dárúkọ CRP, ìyẹn máa ń sanwó kí ilẹ̀ sinmi fún ọdún 10 sí 15. Lójú tèmi, kò bá oko ewé mu.

Àwọn àgbà kan nínú àwa aláwọ̀ dúdú kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọ́fíìsì wọ̀nyí sétí, wọn kò sì jayò pa. Ní 1999 ni ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹjọ́ Pigford, tí àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pe USDA pé wọ́n ń fi àwọ̀ du àwọn ní owó-yá. Òfin oko 2014 ti wá sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fún ẹni tó bá béèrè ìrànlọ́wọ́ ní risíìtì tó sọ ọjọ́, ibi, ohun tó béèrè àti èsì tí wọ́n fún un. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ jókòó títí wọ́n á fi kọ ọ́.