Àmójútó Ilé Háyà: Iṣẹ́ Ọwọ́ Mímọ́ fún Obìnrin

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí, mo fẹ́ kí a jọ yẹ iṣẹ́ kan wò, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe láìmọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bí ọmọ ìyá ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó bá kọ́lé sí ilé, ta ni ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́? Bí bàbá bá kú tó fi ilé sílẹ̀, ta ni ẹbí máa ń ní kó máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa obìnrin ni. A ń ṣe é bí oore lásán. Ṣùgbọ́n a lè fi ṣe iṣẹ́ gidi, kí a sì fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, bí a bá fi ohun kan sọ́kàn: owó ilé kì í ṣe owó ẹni tó ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọ́n wà ní London ní kí n máa bá àwọn mójú tó ilé fúláàtì mẹ́rin tí wọ́n kọ́ sí Ìbàdàn. Inú mi dùn. Mo gba owó, mo sì fi í sí àkáǹtì tèmi ní báńkì. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì mi pẹ́, mo mú díẹ̀ níbẹ̀, mo ní n ó dá a padà. Nígbà tí plọ́ńbà ṣiṣẹ́, mo sanwó rẹ̀ láti inú pọ́ọ̀sì mi, n kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìparí ọdún, ẹ̀gbọ́n mi wá sílé, wọ́n ní kí n ṣe ìṣirò fún àwọn. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò fún ọdún 35, n kò rí ìṣirò ṣe! N kò jalè, ṣùgbọ́n n kò ní ohun tí mo lè fi hàn pé n kò jalè. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi pè mí lórí fóònù. Èyí ló dùn mí jù.

OBÌNRIN KAN TÓ LA Ọ̀NÀ

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun fún obìnrin. Ní ọdún 1865, Octavia Hill, ẹni ọdún 26, bẹ̀rẹ̀ sí í mójú tó ilé mẹ́ta ní Marylebone, ní London. Ilé àwọn tálákà ni, wọ́n sì ti bàjẹ́. John Ruskin, òǹkọ̀wé ńlá, ló ra àwọn ilé náà, ó sì fẹ́ kí owó náà máa mú èrè márùn-ún wá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Octavia ń lọ gba owó ilé. Kò fi àyè gba gbèsè, ṣùgbọ́n kò fi àtúnṣe falẹ̀. Bí ó bá ti yọ èrè onílé, a máa fi èyí tó kù ṣe àtúnṣe tí àwọn ayálégbé fẹ́. Ó kọ́ àwọn obìnrin mìíràn ní iṣẹ́ náà. Ó kú ní ọdún 1912. Nígbà tó di ọdún 1916, àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ilé mẹ́ta péré ló fi bẹ̀rẹ̀.

KÓKÓ MẸ́RIN TÍ A GBỌ́DỌ̀ DÌ MÚ

1. Ya owó sọ́tọ̀. Ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó ilé. Ra ìwé ìṣirò, kí o fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ, owó tó wọlé, owó tó jáde, èyí tó kù. Kí ìwọ àti onílé sì ti fẹnu kò lórí owó iṣẹ́ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Ká ní fúláàtì mẹ́rin ń san ₦600,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Yọ owó iṣẹ́ rẹ, ₦240,000. Yọ owó àtúnṣe, ká ní ₦310,000. Ti onílé ni ₦1,850,000. Èyí tí í ṣe tìrẹ kò fara sin, bẹ́ẹ̀ ni ti onílé.

2. Kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Kí ayálégbé kankan má ṣe wọlé láìsí ìwé àdéhùn. Kí ó má ṣe sanwó láìgba risíìtì tí ọjọ́, orúkọ, iye owó àti àsìkò tí owó náà wà fún hàn lórí rẹ̀. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 pàṣẹ risíìtì yìí, ó sì ní kí onílé má ṣe béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

3. Tètè tún ilé ṣe. Òrùlé tó ń jò díẹ̀ lónìí, àjà ni yóò bà jẹ́ lọ́la. Máa yẹ ilé wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní plọ́ńbà, káfíńtà àti oníṣẹ́ iná tí o lè fọkàn tán, kí ìwọ náà sì gba risíìtì lọ́wọ́ wọn.

4. Má ṣe fi ipá lé ènìyàn jáde. Bí gbèsè bá pọ̀, má ṣe yọ ilẹ̀kùn, má ṣe gé iná. Òfin Èkó ti 2011 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní kí a fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí àdéhùn wọn kò bá sọ òmíràn, ọlóṣooṣù ní oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, kí ilé ẹjọ́ tó dá sí i. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ máa bi agbẹjọ́rò léèrè.

FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA

Ọmọ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí lè kà á ní ilé ìwé gíga. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Èkó, àti ní Yaba College of Technology. Estate Management ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà, NIESV, sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1975 sì fi ìdí ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní Estate Surveyor. Àwa tí a kò kà á, alámòójútó ilé ni wá, kí a má ṣe fi orúkọ mìíràn tan ènìyàn jẹ.

Ní ìparí ọdún kejì, mo fi ìwé ìṣirò àti gbogbo risíìtì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n tó béèrè. Owó tí mo mú ní ọdún àkọ́kọ́, mo dá a padà díẹ̀díẹ̀, mo kọ ìyẹn náà sínú rẹ̀. Ọjọ́ kejì tó dé ọwọ́ wọn ni wọ́n pè mí. Ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀rẹ́ wọn kan fi ilé tirẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìṣirò yẹn ló wá iṣẹ́ fún mi, kì í ṣe ẹnu mi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó fà á tí a kì í fi í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹbí wa? Ǹjẹ́ ìtìjú yẹn ń dáàbò bo ìfẹ́, tàbí ó ń bà á jẹ́?
2. Opó kan tó ní ọmọ mẹ́ta kò rí owó ilé san. Kí ni alámòójútó lè ṣe tí kò ní rẹ́ onílé jẹ, tí kò sì ní sọ opó náà síta?
3. Kí ẹni kọ̀ọ̀kan fa ìlà ìwé ìṣirò fún ilé fúláàtì méjì, kí ó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.