Ọbẹ̀ Tí Ojú Ò Rí Rí

Olùkọ́ físíìsì wa sọ pé gbogbo nǹkan tó wà láyé ti jẹ́ ọbẹ̀ gbígbóná kan rí. Ọmọ kíláàsì wa kan bá dìde: "Sà, ta ló wà níbẹ̀?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìbéèrè gidi ni o.

Kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú prótọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, gúlúọ́ọ̀nù ló so wọ́n pọ̀ bí àtè. Kò sẹ́ni tó tíì rí kúáàkì tó ń dá rìn. Àfi tí ooru bá kọjá sísọ, ìgbà yẹn ni prótọ́ọ̀nù á yọ́, tí kúáàkì àti gúlúọ́ọ̀nù á máa ṣàn káàkiri. Bí àgbáyé ṣe rí nìyẹn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé.

Àwọn onímọ̀ wá tún ọbẹ̀ náà sè. Ní ọdún 2000, ẹ̀rọ RHIC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Brookhaven, ní ìpínlẹ̀ New York. Òrùka rẹ̀ tó kìlómítà 3.8. Wọ́n á lé kókó inú átọ́ọ̀mù wúrà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yára bí ìmọ́lẹ̀, òun àti ìkejì rẹ̀ tó ń bọ̀ lódìkejì á wá forí gbárí. (Ẹ má rò pé wúrà tó tó ṣe yẹtí ni o, bíńtín ni.) Ooru ibẹ̀ tó dígírì tírílíọ̀nù 4, nǹkan bí ìlọ́po 250,000 ooru àárín oòrùn.

Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ọbẹ̀ ti tán, ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún èérún. Èérún yìí nìkan ni ẹ̀rọ ń rí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti dùn. Bí kókó méjèèjì ò bá kọ lura láàárín gan-an, ojú ibi tí wọ́n ti pàdé máa ń rí bíi kóró àgbálùmọ̀. Ká ní gáàsì ni, tí èérún kọ̀ọ̀kan ń bá tiẹ̀ lọ, wọn ì bá fọ́n ká bákan náà síbi gbogbo. Àmọ́ èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ pẹlẹbẹ jáde pọ̀ ju èyí tó gba ṣóńṣó lọ. Nǹkan tó ń ti ara rẹ̀ bí omi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gáàsì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń retí tẹ́lẹ̀. Ní 2005 ni wọ́n kéde pé nǹkan ṣíṣàn ni. Kò fà bí ilá rárá, ṣe ló ń ṣàn geere.

Ẹ̀rí kejì ló wù mí jù. Tí prótọ́ọ̀nù méjì lásán bá forí gbárí, nígbà míì èérún á tú jáde lápá méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Nínú ti wúrà, apá kan á jáde dáadáa, a ò ní rí èkejì, tàbí kó ti rẹ̀ ẹ́. Ọbẹ̀ ti gbé e mì.

Ní CERN, ní ààlà Switzerland àti Faransé, òjé ni wọ́n ń kọ lura láti 2010, nínú òrùka kìlómítà 27. Ọbẹ̀ tiwọn tún gbóná ju ti Brookhaven lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń ṣàn.